Bí ẹni tó fi àṣẹ kóòtù kó ẹrù yín bá pàdánù ẹjọ́

Ká ní ata lẹ ń lọ̀, ẹnì kan wá pè yín lẹ́jọ́ pé òun ló ni ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Kí ẹjọ́ tó parí, kóòtù gbà á láyè láti gbé ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, adájọ́ ní kò rí ẹ̀rí tó tó, ó da ẹjọ́ náà nù. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò á dúpẹ́, wọn á gba ilé lọ. Ẹ má tíì lọ o! Ẹjọ́ tí wọ́n dà nù kò gbé ẹ̀rọ padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì san owó oṣù mẹ́jọ tí iṣẹ́ fi dúró.

Ohun mẹ́ta ni kí agbẹjọ́rò yín béèrè.

Èkíní, kí kóòtù pàṣẹ pé kó dá ẹrù yín padà. Bó bá ti tà á tàbí tó ti bà á jẹ́, kó san iye tí ẹrù náà tó.

Èkejì ni owó gbà-má-bìínú. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Nítorí pé adájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ tán nígbà tó ń pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó béèrè rẹ̀ ṣèlérí pé òun yóò san ohun tí ẹnì kejì bá pàdánù bí àṣẹ náà kò bá tọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa tẹnu mọ́ ìlérí yìí nínú ẹjọ́ Kotoye àti Báńkì Àpapọ̀ ní 1989. Bí kò bá sí ìlérí, owó yìí máa ń ṣòro láti gbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń béèrè àṣẹ náà gan-an ni kí ẹ ti bèèrè ìlérí.

Ẹ̀kẹta ni owó tí ẹ ná sórí ẹjọ́. Ọwọ́ adájọ́ ni iye rẹ̀ wà.

Ẹnu lásán kò tó o. Ẹ kó rìsíìtì ẹ̀rọ, ìwé tí ẹ ń kọ ọjà ojoojúmọ́ sí, àti owó tí ẹ fi háyà ẹ̀rọ mìíràn jọ.

Ẹni tó pàdánù nílé-ẹjọ́ gíga ní oṣù mẹ́ta láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ṣùgbọ́n pípè é nìkan kò dá ìdájọ́ dúró, àfi bí kóòtù bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gba ẹrù yín.