Èyí tí à ń yọ, èyí tí à ń dín

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ẹ̀kọ́ wa tòní. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: YỌ àti DÍN. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba oríṣìíríṣìí oúnjẹ, tí ó sì fẹ́ dín ọ̀rá ara rẹ̀ kù, gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

Èèwọ̀ ara

Gbogbo wa la mọ èèwọ̀ ilé. Ìdílé kan kì í jẹ ẹran yìí, ìdílé kejì kì í jẹ tọ̀hún. Ara náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹnìkan á jẹ ẹ̀pà, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi máa yún, tí ètè rẹ̀ á sì wú. Ti ẹlòmíràn, edé ni. Ó lè jẹ́ ẹyin, ẹja, mílíkì, ẹ̀wà sóyà, yànmọ̀tí, tàbí àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ẹlòmíràn ní tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé agbára tí ń ṣọ́ ara wa lọ́wọ́ àrùn ṣi oúnjẹ náà mú, ó rò pé àrùn ló wọlé, ó sì dìde sí i.

Bí ọ̀fun bá ń dí, tí èémí bá ń há, tàbí tí ẹni náà bá fẹ́ dákú, ọ̀rọ̀ ti di wàràwàrà. Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ má dúró de àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lọ. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni àwọn dókítà fi ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là, ó sì gbọ́dọ̀ yá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ń da inú rú ni èèwọ̀ ara. Inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa máa ń kún bí wọ́n bá mu mílíkì, nítorí pé bí a ti ń dàgbà, ara wọn kò lè da ṣúgà inú mílíkì dáadáa mọ́. Ìyẹn ń ni ènìyàn lára ni, kì í dí ọ̀fun. Dókítà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe dán an wò fúnra yín nílé.

Àpẹẹrẹ aránṣọ kan

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá kan tí ń ránṣọ ní Àgùdà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀pà, edé àti ẹyin ni èèwọ̀ ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ní kí ó dín sísanra kù. Ó ti yọ súyà tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ̀pà wà nínú yájì rẹ̀. Ó ti yọ mọ́ínmọ́ín, nítorí edé àti ẹyin. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ gbọ́ ohun tí dókítà wí, wọ́n ní kí ó yọ ẹ̀wà, kí ó yọ ẹran, kí ó yọ ẹja pẹ̀lú.

Kí ló wá kù? Gààrí, búrẹ́dì, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ikùn rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀. Ebi tó ti ń pa á láti àárọ̀ ló ń mú un jẹ àjẹjù lálẹ́. Ohun tó yẹ kí ó dín ni ó ń yọ.

Yọ èèwọ̀, má ṣe dín in

Èèwọ̀ ara kò mọ díẹ̀. Ṣíbí tí wọ́n ti fi bu ọbẹ̀ ẹlẹ́dé, tí wọ́n tún kì bọ ìkòkò mìíràn, lè dá wàhálà sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dé búkà, ẹ má kàn béèrè pé, “Ṣé ó dáa?” Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi sè é, báyìí:

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi se ẹ̀fọ́ yìí?”

“Ata, epo, irú, ẹja gbígbẹ.”

“Edé ńkọ́, mà?”

“Edé? Díẹ̀ ni o, ò ju ṣíbí kan lọ.”

“Ẹ ṣeun, mà. Ara mi ò gbà á rárá ni. Ọbẹ̀ ata yẹn ńkọ́, ṣé edé wà níbẹ̀?”

“Rárá o, kò sí.”

“Ẹ bá mi bu ìyẹn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣíbí mìíràn bù ú.”

Bí a bá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Ti oúnjẹ inú páálí yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti wúlò. Òfin àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ní kí ilé-iṣẹ́ kọ èròjà oúnjẹ sára páálí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà INGREDIENTS. Ohun tó tẹ̀lé e ni èròjà. Ẹ kọ́ àwọn wọ̀nyí bí ẹ ti kọ́ orúkọ yín:

PEANUT, GROUNDNUT: ẹ̀pà
EGG: ẹyin
MILK: mílíkì
FISH: ẹja
CRAYFISH, SHRIMP: edé
WHEAT: àlìkámà
SOYA: ẹ̀wà sóyà
SESAME: yànmọ̀tí

Ní ọdún 2016, ọmọdébìnrin ọlọ́dún 15 kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Natasha Ednan-Laperouse, ra búrẹ́dì jẹ. Èèwọ̀ ara rẹ̀ ni yànmọ̀tí. Yànmọ̀tí wà nínú búrẹ́dì náà, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọ́ sára ohun tí wọ́n fi dì í. Ọmọ náà kú. Àwọn òbí rẹ̀ jà fún un títí òfin tuntun fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní October 2021, pé kí wọ́n máa kọ gbogbo èròjà sára irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Natasha mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò kà. Bí àwa bá rí i lára páálí, ẹ jẹ́ kí á kà á.

Dín ìwọ̀n, má ṣe yọ oúnjẹ

Ti sísanra kò rí bẹ́ẹ̀. Òkèlè kan kò lè ba nǹkan jẹ́. Ìwọ̀n tí à ń jẹ lójoojúmọ́ ni kí á wò. Ẹ fọkàn pín àwo yín sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdá méjì: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú tàbí ilá. Kí ẹ̀wà, ẹja, tàbí ẹran tí kò lọ́ràá gba ìdá kan. Kí èbà, àmàlà, iṣu tàbí ìrẹsì gba ìdá kan tó kù.

Ẹ dín epo kù. Bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, agbára tí epo ń fún ara ju ìlọ́po méjì ti ṣúgà lọ. Èyí tí a kò bá sì lò, ọ̀rá ló ń dà. Ẹ fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Aránṣọ wa lè se mọ́ínmọ́ín tirẹ̀ láìfi edé àti ẹyin sí i, kí ó fi ẹja sí i. Ìran edé yàtọ̀ sí ìran ẹja, ṣùgbọ́n alákàn àti edé jọ tan, kí ó ṣọ́ra fún un. Bí wọ́n bá pa ẹja gbígbẹ àti edé pọ̀ sórí àtẹ kan lọ́jà, kí ó ra ẹja tútù. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà náà tan. Bí ó bá ti ń jẹ ẹ̀wà láìsí ìyọnu, kí ó máa jẹ ẹ́. Bí kò bá dá a lójú, kí ó bi dókítà.

Aláboyún àti ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó dín oúnjẹ kù.

Orúkọ àdúgbò wa ti sọ ìyókù: sùúrù ló lérè. Bí ènìyàn bá fi ìdajì kílò sí kílò kan fúyẹ́ lọ́sẹ̀, ó tó. Ẹ máa rìn pẹ̀lú. Láti Ojúẹlẹ́gba dé Stadium, ẹsẹ̀ lè gbé wa débẹ̀ láìwọ dáńfó.

Ìbéèrè

1. Kí ni aránṣọ náà gbọ́dọ̀ yọ? Kí ló yẹ kí ó dín?
2. Kí ni a ó ṣe bí èémí bá ń há ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun?
3. Kí ló dé tí “díẹ̀ ni” kò fi tó fún ẹni tí edé jẹ́ èèwọ̀ fún?

Iṣẹ́ ilé: Ẹ mú páálí tàbí agolo oúnjẹ kan nílé. Ẹ ka èròjà inú rẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ òkè yìí sínú ìwé yín. Ẹ kà á fún àwọn ará ilé.