Ìtàn Tí Bàbá Mi Gé Nínú Ìwé Ìròyìn: Ṣé Ó Tó Kà?

ÌBÉÈRÈ

Aránṣọ ni mí ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò. Ọmọ Ifẹ̀ apá ibí ni mí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ ìwé Yorùbá kà. Nígbà tí bàbá mi dágbére fáyé, tí a pín ẹrù wọn, àpótí ìwé kan ló kàn mí. Ìdì ìwé ìròyìn Togo-Presse àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ti gé ìtàn Félix Couchoro kúrò lára wọn, wọ́n sì fi òwú gán an pọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, òun ni mò ń kà, ó sì ń dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó jẹ́ tísà ní ilé-ìwé girama ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹni tó bá kọ ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè kọ èyí tó dáa, pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Èyí tó tún wá ń dùn mí ni pé àwọn apá kan ti sọnù, eku sì ti jẹ òmíràn. Ṣé kí n máa kà á lọ bẹ́ẹ̀, àbí kí n lọ wá ìwé gidi kà?

Aránṣọ, Atakpamé

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, ìyá wa. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ẹ máa ka ìtàn yín lọ. Ìdáhùn mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlàyé ló kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Ọdún 1900 ni wọ́n bí Couchoro ní Ouidah, ní ilẹ̀ Dàhòmì ìgbà náà. Ó ṣe tísà ní ilé-ìwé ìjọ Àgùdà ní Grand-Popo, ó bá ilé-iṣẹ́ òwò ṣiṣẹ́, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn, kó tó fi Anèho ṣe ibùgbé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú gbóná mọ́ ọn, ó kọjá sí Gold Coast, ọdún mélòó kan ló sì lò níbẹ̀ kó tó padà sí Tógò. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, L'Esclave, ti jáde ní Paris ní ọdún 1929. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1962, tí Togo-Presse bẹ̀rẹ̀ ní Lomé, ni àwọn ará Tógò mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ìwé ìròyìn yẹn ń tẹ ìtàn rẹ̀ ní apá-apá títí ó fi kú ní ọdún 1968. Nǹkan bí ogún ìtàn gígùn ló kọ sílẹ̀ lọ. Nínú èyí ni bàbá yín ti ń gé.

Ẹ bá mi bi tísà yín léèrè: níbo ni ìtàn àròsọ Yorùbá ti ṣẹ̀ wá? Ní ọdún 1929 kan náà, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá, tó ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn òǹkàwé rò pé ẹni tó wà láàyè ni, wọ́n ń kọ̀wé bá a kẹ́dùn, láìmọ̀ pé I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló jókòó tó ń hun gbogbo rẹ̀. Òun náà ló di ìwé ní ọdún 1930, tí àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń pè ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Bí ìtàn inú ìwé ìròyìn kò bá jẹ́ ìwé gidi, a jẹ́ pé tiwa kò ní ìpìlẹ̀.

Ní ti ọ̀pọ̀ ìwé tí tísà ń bá Couchoro wí sí, Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn yẹn kàn rí. Anthony Trollope lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1815 ni wọ́n bí i, ó kú ní ọdún 1882. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni í ti wà nídìí tábìlì. Á gbé aago síwájú, á sì máa kọ igba ọ̀rọ̀ ó lé àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá parí, ó di ibi iṣẹ́. Báyìí ló ṣe kọ ìtàn àròsọ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí yìí nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn lámèyítọ́ sì fojú tín-ín-rín rẹ̀ nítorí ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń kọ̀wé bí ẹni ń ka owó kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń tẹ ìwé rẹ̀, wọ́n ṣì ń kà á.

Kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀? Ìlú ni. Ẹni tó kọ ìwé kan ṣoṣo lè mú wa ṣe àlejò níbì kan. Ẹni tó kọ ogún ń sọ wá di ará àdúgbò. Trollope kọ ìwé mẹ́fà lórí agbègbè kan tó fi ọkàn ara rẹ̀ dá, tó pè ní Barsetshire. Ẹni tí ẹ bá pàdé lọ́dọ̀ọ́ nínú ọ̀kan, ẹ óò tún rí i nínú òmíràn tó ti ṣe ìyàwó, tó ti bímọ. Ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀, Mrs Proudie, tó ń pàṣẹ fún ọkọ, tó tún ń pàṣẹ fún ìjọ. Ní ọjọ́ kan, Trollope gbọ́ tí àwọn àlùfáà méjì ń ráhùn ní kílọ́ọ̀bù pé ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti sú àwọn. Ó dìde, ó ní òun ni òǹkọ̀wé náà, òun ń lọ sílé lọ pa á. Ó sì pa á lóòótọ́, nínú ìwé tó kẹ́yìn ọ̀wọ́ náà ní ọdún 1867. Ìwọ̀nba èèyàn inú ìwé ni wọ́n máa ń sú èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò ló máa ń súni bẹ́ẹ̀.

Etíkun ni ìlú ti Couchoro: Grand-Popo, Anèho, Lomé, àti ẹ̀bá odò Mono. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òwò wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò, ẹni tó ń lọ sí Máàsì àti ẹni tó ń bọ vodun, nígbà mìíràn nínú agboolé kan náà. Ọ̀rọ̀ ogún kì í sì í jìnnà. Nínú L'Esclave, ọmọ kan tí wọ́n rà lẹ́rú dàgbà pẹ̀lú ọmọ olówó rẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, kí ni ẹrú yóò jẹ nínú ogún? Ní ọdún 1963, ó pe àkọlé ìwé mìíràn ní L'Héritage, cette peste, pé àjàkálẹ̀ àrùn ni ogún. Trollope náà kò kúrò níbẹ̀: nínú Doctor Thorne, ìdílé ọkọ kò fẹ́ rí ọmọbìnrin tí kò lówó, àfi ìgbà tí ogún ńlá já lé e lọ́wọ́, ni gbogbo wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ẹrù bàbá, kò sí tísà tó máa ṣàlàyé èyí fún yín.

Ní ti àwọn apá tó sọnù, ẹ má fòyà. Ẹni tó ń kọ̀tàn sínú ìwé ìròyìn mọ̀ pé ẹni tó ra ti òní lè máà ra ti àná. Nítorí náà á tún ọ̀rọ̀ sọ, á rán wa létí ẹni tó jẹ́ ọmọ ta, ẹni tó jẹ ta ní gbèsè. Àsọtúnsọ tí tísà lè máa rí bí ìwà ọ̀lẹ, nítorí irú àpótí yín gan-an ló ṣe wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó já, ẹ ka ojú ìwé méjì mẹ́ta síwájú sí i, ẹ óò bá okùn náà níbẹ̀. Kódà, bí ẹ bá tètè mọ ìparí ìtàn, kò bà á jẹ́. Kí Barchester Towers tó dé ìdajì ni Trollope ti fọkàn òǹkàwé balẹ̀ pé opó inú ìtàn náà kò ní í fẹ́ èyíkéyìí nínú ọkùnrin méjì kan tó ń fojú sí i lára. Bí wọ́n ṣe tiraka tó sì tún ń pani lẹ́rìn-ín.

N kò ní tìtorí kí ẹ lè borí tísà kí n purọ́ fún yín. Ìpàdé òjijì pọ̀ jù nínú irú ìtàn wọ̀nyí, òǹkọ̀wé sì máa ń dúró ṣe ìwàásù. Níbi tó bá ti sú yín, ẹ fò ó. Ẹni tó kọ ìtàn púpọ̀ kò ní kí a gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ ka àpótí náà tán wàrà-wàrà. Apá kan lálẹ́ kan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ó sì tún dáa ká kà á sókè: bí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín bá wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ máa sọ ọ́ fún wọn ní èdè Ifẹ̀ bí ẹ ti ń ka Faransé rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ẹ gbé ìdì náà kúrò níbi tí oòrùn ń pa, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, nítorí yóò ba bébà jẹ́. Ẹ ṣe fọ́tòkópì rẹ̀, kí ó jẹ́ pé òun ni ẹ ó máa ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ déètì àwọn apá tó sọnù sínú ìwé kékeré, kí ẹ mú un dání bí ẹ bá ń lọ ra aṣọ ní Lomé, kí ẹ béèrè wọn ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti kó ìtàn Couchoro jọ sí ìwé ńláńlá tí wọ́n tẹ̀ ní Kánádà lẹ́yìn ọdún 2000. Ilé ìkàwé Yunifásítì Lomé ni kí ẹ ti wá ìyẹn.

Tísà ńkọ́? Ẹ yá a ní apá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú èyí tó dùn mọ́ yín jù, kí ẹ sì fi ìyókù pamọ́. Bí ó bá padà wá béèrè apá kẹrin, ẹjọ́ ti parí.