Fífẹ̀ Ilé Èrò ní Pápákọ̀ Òfuurufú Bouaké

Bouaké, ìlú àwọn Baoulé, oríta ńlá tí ará àríwá àti ará gúúsù ti ń nájà, ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dún wọ̀ láti ọdún 1912, ni ó tẹ̀lé Abidjan ní títóbi ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó lọ́hùn-ún, kì í ṣe àjèjì sí ọjà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, tí ìlú náà sì di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú rẹ̀ bá a jẹ nínú ìyà náà, débi pé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2007 ni àwọn kan ta rọ́kẹ́ẹ̀tì lu bàálù tí ó gbé Guillaume Soro, olóòtú ìjọba, níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ń bọ̀ wá sí pápá ìṣeré Stade de la Paix tó wà níbẹ̀, wọ́n tún pápákọ̀ náà ṣe.

Bí èrò bá wá ń pọ̀ sí i, kí ni kí a ṣe sí ilé tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àti ẹrù wò, tí wọ́n sì ti ń dúró de bàálù? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A lè fa ilé àtijọ́ gùn. A lè kọ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A sì lè má fọwọ́ kan bíríkì kankan, kí a kàn yí àkókò bàálù padà, kí méjì má baà dé pọ̀. Èyí ìkẹyìn yìí ni àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ gbọ́, nítorí kò sí ríbọ́ọ̀nù tí wọn yóò gé níbẹ̀.

Ohun tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ń kọ́kọ́ wò kì í ṣe iye èrò ọdún kan gbáko, bí kò ṣe iye àwọn tí ń pàdé ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù. Bàálù Q400 tí Air Côte d'Ivoire ń lò láàárín ìlú sí ìlú ń gbé nǹkan bí èrò 70. Bí ọ̀kan bá dé kíkún, tí ó sì fẹ́ padà ní kíkún, èrò 140 ni yóò gba ilé náà kọjá. Bí méjì bá kò lọ́nà, wọ́n di 280. Ṣùgbọ́n bí wákàtí méjì bá wà láàárín wọn, ilé kan náà gbà wọ́n láìhá. Ó sì lè jẹ́ pé ibi àyẹ̀wò ẹrù nìkan ni ó há, tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ kejì wúlò nígbà náà ju gbọ̀ngàn tuntun lọ.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní Yamoussoukro, ìlú Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, tí kò jìnnà sí Bouaké ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ, pápákọ̀ kan wà tí ó lè gba bàálù Concorde, ṣùgbọ́n tí èrò inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Owó kíkọ́ nìkan ni ojú ń rí. Owó iná, owó omi, owó ẹ̀rọ amúlétutù àti owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ilé bá ṣì dúró. Títì márosẹ̀ láti Abidjan náà ti dé Bouaké nísinsìnyí, kò sì sí ẹni tí ó lè búra pé àwọn tí ọkọ̀ ilẹ̀ bá yá lára kò ní kọ bàálù sílẹ̀.

Nítorí náà, lójú tèmi, fífà gùn díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ Bouaké: kí a dá ilẹ̀ sí ní ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà, kí a ti la ọ̀nà omi àti ti iná gba ibẹ̀, kí ògiri ẹ̀gbẹ́ náà sì jẹ́ èyí tí a lè ṣí láìwó òrùlé. Ọdún tí èrò wákàtí tí wọ́n pọ̀ jù bá kún dé ẹnu ọ̀nà ni kí a tó pe bíríkìlà.