Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ń Sin Ẹran ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Oró Inú Ewé Igi Box

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oòjíire tí ẹ ti gba ilẹ̀ oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ń sin àgùntàn, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹṣin níbẹ̀, igi kan wà tí ó yẹ kí a tètè kìlọ̀ rẹ̀ fún yín, nítorí pé àyíká ilé ọlọ́lá ni ó sábà ń wà, tí ó ń tutù minimini lójú ọ̀gbẹlẹ̀, tí ó ń tutù minimini lójú yìnyín, tí ẹni tí ń wò ó kò sì ní í rò pé ikú lè fara pamọ́ sínú ẹwà bẹ́ẹ̀. Box ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi sọ Box Hill ní Surrey lórúkọ, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, tí wọ́n ń rẹ́ orí rẹ̀ lọ́dọọdún kí ó lè dọ́gba.

Ewé rẹ̀ kéré, ó ki, ó sì ń dán. Méjì méjì ni wọ́n ń dojú kọ ara wọn lórí ẹ̀ka. Òkè ewé náà dúdú ju abẹ́ rẹ̀ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ kò mú, ó sì sábà máa ń já wọnú díẹ̀ láàárín. Bí oòrùn bá pa igi náà, òórùn ìtọ̀ ológbò ni ẹ óò máa gbọ́.

Ohun tí ó fi oró sínú rẹ̀ ni àwọn èròjà kíkorò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alkaloid. Ní ọdún 1830 ni apòògùn ará Faransé kan, Fauré, ti yọ èyí tí wọ́n pè ní buxine jáde lára igi náà, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí 130 ọdún lẹ́yìn náà kí Morris Kupchan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó tú àṣírí bí cyclobuxine, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ṣe so kọ́ra. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti steroid, ìbátan cholesterol tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àfi pé igi náà ti so nitrogen mọ́ ọn níbi méjì. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú Sarcococca àti Pachysandra, tí wọ́n jẹ́ ẹbí box, tí àwọn ènìyàn sì ń gbìn sí iwájú ilé.

Ẹran tí ó yó kì í fẹ́ ewé yìí, nítorí kíkorò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: nígbà tí koríko bá ti kú tán, tí ewé box nìkan sì ṣẹ́ kù ní tútù, ẹran yóò na ọrùn sí i. Èyí tí ó tún burú jù ni ewé tí aládùúgbò rẹ́, tí ó sì fi inú rere dà sí orí pápá yín, tí ó rò pé oúnjẹ ni òun fún ẹran. Rírọ tí ewé náà rọ kò mú oró rẹ̀ kúrò. Nǹkan bí 750 gíráàmù, èyí tí kò tó kílò kan, lè pa ẹṣin ńlá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ẹ máa yẹ etí ọgbà yín wò, pàápàá ní àsìkò tí wọ́n ń rẹ́ igi, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá aládùúgbò sọ ọ́.

Nítorí pé a fẹ́ràn àgbo, mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: àwọn ará Yúróòpù ayé àtijọ́ fi igi yìí wo ibà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sè é mu, ẹ má sì sè é fún ọmọ.

Ẹran tí ó bá jẹ ẹ́ yóò máa da itọ́, inú yóò máa run ún, yóò ya ìgbẹ́ gbuuru, yóò máa gbọ̀n, gìrì lè gbé e, èémí rẹ̀ a sì máa há títí yóò fi dá. Àrùn ni à á wò, a kì í wo ikú. Kò sì sí oògùn kan pàtó tí ń pa oró yìí. Nítorí náà ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, ẹ já ẹ̀ka igi náà sílẹ̀ kí ó fojú ara rẹ̀ rí i, ẹ sọ àkókò tí ẹ rò pé ẹran náà jẹ ẹ́ fún un, kí ẹ sì kó gbogbo èyí tí ó kù kúrò níwájú àwọn tí kò tíì fẹnu kàn án.