Owó Káàdì Ti Wọlé, Ṣùgbọ́n Kò Tíì Di Tiwa

  

Ẹ̀kọ́ wa ti ìsinsìnyí dá lórí ọjà títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá fún àwa tí ọjà wa jẹ́ irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń báni gba owó ń pè ní ọjà eléwu. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí orúkọ yẹn. Wọn ò sọ pé ọjà wa ń pa èèyàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó irú ọjà bẹ́ẹ̀ a máa padà sẹ́yìn ju ti àwọn yòókù lọ. Àgúnmu àti àgbo wà níbẹ̀, oògùn tó ń mú ikùn wọlé wà níbẹ̀, tẹ́tẹ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú náà wà níbẹ̀, títí kan ọjà tí èèyàn ń san owó rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ohun tó mú wa kọ èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wa. Lékuléja ni. Ní ọdún 2023, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbọ́ kọ̀ǹpútà bá a ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà ti ní orúkọ kan tó fi ń ta aṣọ tẹ́lẹ̀, orúkọ yẹn náà ló lò. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè pé kí lẹ ń tà, aṣọ ló kọ. Ó ní bí òun bá kọ àgúnmu, ìbéèrè wọn á pọ̀ jù. Ọjà sì ń lọ o! Àwọn ọmọ wa ní London àti Houston ń fi káàdì rà á. Láàárín oṣù mẹ́ta, owó tó wọlé jẹ́ ₦1,860,000. Ìyá wa bá yá owó lọ́dọ̀ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, ó fi kó egbò igi àti èèpo igi wá láti Ṣakí. Ó di ọjọ́ kan, owó dúró gbagidi.

Àwọn oníbàárà mẹ́rin ló ti lọ sọ fún báǹkì wọn pé àwọn ò mọ nǹkan kan nípa owó náà. Ẹ gbọ́ o, méjì nínú wọn kì í ṣe olè. Ọjà dé ọwọ́ wọn, wọ́n tiẹ̀ ti ń lò ó. Àmọ́ nígbà tí ìwé báǹkì dé lópin oṣù, orúkọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni wọ́n rí níbẹ̀. Àgúnmu ni wọ́n rà, wọn ò ra aṣọ. Wọ́n ní wọ́n ti jí káàdì àwọn lò. Iléeṣẹ́ tó ń gba owó wá yẹ ṣọ́ọ̀bù náà wò, wọ́n bá àgúnmu níbi tí wọ́n kọ aṣọ sí, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn. Owó tó wà lọ́wọ́ wọn, oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi dá a dúró. Àwa méjì tí a ṣe onídùúró ìyá wa la ń san ẹ̀yáwó náà díẹ̀díẹ̀ títí owó fi jáde. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́ kí ó má bàa ṣe ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi alájọ ṣe àlàyé. Alájọ ń gba owó wa, ó ń yọ tirẹ̀, ó ń fún wa ní ìyókù. Irú iṣẹ́ yẹn ni àwọn iléeṣẹ́ bíi Paystack tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 àti Flutterwave tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ń ṣe: wọ́n á bá wa gba owó láti báǹkì ẹni tó rajà, wọ́n á yọ tiwọn, wọ́n á san ìyókù sí àpò wa. Ibi tó ti yàtọ̀ sí àjọ nìyí: ẹni tó fi káàdì rajà lè lọ bá báǹkì rẹ̀ pé kí wọ́n fa owó òun padà. Chargeback ni wọ́n ń pè é. Lábẹ́ òfin Visa àti Mastercard, púpọ̀ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè mú wá títí di 120 ọjọ́. Oṣù mẹ́rin nìyẹn. Bí wọ́n bá dá a láre, inú owó tiwa ni wọ́n ti máa yọ ọ́, wọ́n sì lè fi owó ìtanràn lé e.

Ẹ rántí àwọn Òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tó ń ta àwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Ti káàdì yìí dà bí ìdàkejì rẹ̀. Aláṣọ ti gba owó lọ sílé, oníbàárà ló tún lè wá lóṣòó tì í. Àlẹ́ẹ̀tì tí a rí lónìí, bí àwìn ni kí a ṣe kà á, ó kéré tán títí oṣù mẹ́rin á fi pé.

Ẹ̀rù ń ba iléeṣẹ́ tó ń gba owó náà. Bí a bá ti ná owó tán tí a sì sá lọ, ọrùn wọn ni gbèsè máa wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá díẹ̀ dúró nínú owó ọjà eléwu. Ó sábà máa ń jẹ́ ₦5 sí ₦10 nínú ₦100, fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀. Bí a bá ta ọjà ₦100,000, tí èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦8,000, tí wọ́n dá ₦10,000 dúró, ojú owó la ti ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn yẹn. Ẹni tó bá yáwó èlé ṣe irú òwò yẹn, kó mọ̀.

Irọ́ inú fọ́ọ̀mù ló burú jù. Mastercard ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní MATCH. Oníṣòwò tí wọ́n bá lé nítorí irọ́ tàbí nítorí chargeback tó pọ̀ jù, orúkọ rẹ̀ lè wọ ibẹ̀, ọdún 5 ló sì máa lò níbẹ̀. Iléeṣẹ́ mìíràn tó bá yẹ ìwé náà wò á rí i. Nítorí náà, ẹni tó ń ta àgúnmu, kó kọ àgúnmu. Bí iléeṣẹ́ kan bá ní àwọn ò ṣe irú ọjà yẹn, ó sàn kó sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ju kó wá sọ ọ́ nígbà tí owó wa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ojú ewé ìsanwó. Ibẹ̀ ni oníbàárà máa dé gbẹ̀yìn, tó ti máa tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Orúkọ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun ni kó wà níbẹ̀, òun náà ni kí a ní kí iléeṣẹ́ fi ránṣẹ́ sínú ìwé báǹkì oníbàárà. Kí àpapọ̀ owó hàn gbangba, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, kó má jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kún un lẹ́yìn. Kí a kọ iye ọjọ́ tí ẹrù máa lò, kí a kọ ohun tí a máa ṣe bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́nà, kí oníbàárà sì fọwọ́ sí i kó tó sanwó. Nọ́ńbà fóònù tí èèyàn máa gbé ní láti wà níbẹ̀, torí ẹni tó bá rí wa bá sọ̀rọ̀ kì í tètè sáré lọ sí báǹkì. Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà yín ń wo gbogbo àrùn. Nọ́ńbà NAFDAC ni kí ẹ kọ.

Ti káàdì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ewé iléeṣẹ́ náà ló gbà á. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, òfin ò gbà kí a tọ́jú rẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ sínú ìwé gbèsè wa. Ẹ sì ní kí wọ́n máa béèrè OTP. Bí báǹkì oníbàárà bá ti fi OTP dá a mọ̀, ẹ̀sùn pé wọ́n jí káàdì lò sábà máa ń kúrò lọ́rùn wa, á bọ́ sọ́rùn báǹkì tó ni káàdì. Ẹ̀sùn pé ẹrù ò dé kò sí nínú ìyẹn o. Risíìtì akẹ́rù nìkan ló lè gbèjà wa níbẹ̀.

Àwọn onípara, ẹ fetí sílẹ̀. Ìpara abóra tó ní hydroquinone tàbí mẹ́kúrì, òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí èèyàn máa tà á bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú. Bí wọ́n bá gba ẹrù náà sílẹ̀ ní bọ́dà, oníbàárà á ní ọjà ò dé, òótọ́ ló sì sọ. Owó lọ, ìpara lọ.

Bí oníbàárà bá ń ráhùn, tí a sì rí i pé ó jàre, ẹ tètè dá owó rẹ̀ padà fúnra yín. ₦20,000 tí a fi ọwọ́ ara wa dá padà kò ní ìtanràn, kò sì sí nínú ìwé ẹjọ́ wa. Bí ẹjọ́ bá ń sún mọ́ ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ọjà, ojú ti wà lára wa nìyẹn.

A dúpẹ́ pé orúkọ ìyá wa kò wọ ìwé MATCH. Ọmọ rẹ̀ ti kọ fọ́ọ̀mù míì sí iléeṣẹ́ mìíràn, lórúkọ ìyá rẹ̀, àgúnmu ló sì kọ síbẹ̀. Ìbéèrè mọ́kànlá ni wọ́n bi í, ó dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n gbà á. Òun ló máa jókòó pẹ̀lú wa lẹ́yìn ìpàdé Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun wo ojú ewé ìsanwó tirẹ̀, kó mú fóònù tó ní dátà wá. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìpàdé kò tíì ṣiṣẹ́, ẹ gba iná sí fóònù yín láti ilé.