Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Ìwó Tó Fẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Ọtí

Ọmọ mi, bóyá Yunifásítì Bowen lo ti ń kàwé ni o, bóyá ọ̀kadà lo ń gùn, bóyá o ń bá ìyá rẹ tajà, bí ọtí bá ti di bárakú fún ọ, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe: wá àwọn tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀ rí, kí o sì máa bá wọn jókòó.

1. Má fi pamọ́ mọ́. Ìlú Mùsùlùmí ni Ìwó láti ìgbà pípẹ́, àwọn Onítẹ̀bọmi náà sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀; àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ ọtí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ wa fi ń mu ní kọ̀rọ̀: ọtí inú ọ̀rá nínú àpò, paraga lálẹ́, súwíìtì lẹ́nu kí ará ilé má baà gbóòórùn. Ẹni tó ń dá mu kì í rẹ́ni dá a lẹ́kun. Má sì dúró de ìjọba. Oṣù Kejì 2024 ni àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá, wọ́n tún sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Sọ fún ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní í tú ọ láṣìírí. Ìyẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

2. Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kí o tó mu, ilé ìwòsàn ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, bó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, ó sì lè kú. Oògùn wà tí dókítà fi ń mú ni la ọjọ́ wọ̀nyẹn já. Nítorí náà, má gbà kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ mọ́ yàrá tàbí kó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ọ́ pé kí ọtí lè dá lójú rẹ. Ó máa ń dùn mí púpọ̀ bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ṣe ọmọ ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Òṣogbo, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Aró wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954. Wọ́n ń tọ́jú ẹni tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún níbẹ̀.

3. Lẹ́yìn dókítà, ìpàdé àwọn tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀ rí ló kàn. Gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1935, ọkùnrin oníṣòwò kan, Bill Wilson, wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Akron, ní Amẹ́ríkà. Òwò tó bá lọ ti dàrú. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí kò ti fẹnu kan ọtí, ọtí sì ń pè é. Dípò kó wọ ilé ọtí, ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó ń pe àwọn pásítọ̀ pé kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe mú un mọ oníṣẹ́ abẹ kan nìyẹn, Dókítà Bob Smith. Ìṣẹ́jú 15 péré ni dókítà yìí lóun fẹ́ lò. Wọ́n jókòó ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, Dókítà Bob mu ọtí kẹ́yìn. Kò mu mọ́ títí tó fi kú ní 1950. Ẹgbẹ́ tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀ ni Alcoholics Anonymous, AA. Ìyàwó ilé ti bẹ dókítà yìí títí, kò ràn án. Ẹni tó ti jìyà irú ìyà rẹ̀ ló wọlé sí i lára.

4. Má bẹ̀rù ìpàdé náà. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Wọn kò ní í bi ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ. Kí o ṣáà ti fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, o ti di ọmọ ẹgbẹ́. O lè jókòó, kí o má sọ nǹkan kan. Tó bá yá, wàá rí ẹni tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, tí wàá máa pè nígbà tí òùngbẹ bá dé.

5. Níbo? AA ń ṣe ìpàdé ní Èkó, wọ́n sì ń ṣe é lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 080010203040. Ó wà tọ̀sán-tòru. Bí o bá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, bi wọ́n léèrè ẹgbẹ́ tí àwọn tó ti jáde ń ṣe. Ìwọ Mùsùlùmí tí o ń rò pé ìpàdé báyìí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí dá irú ẹgbẹ́ yìí, Millati Islami, sílẹ̀ ní Baltimore ní 1989. Ìgbésẹ̀ 12 tí AA fi ń ran ni lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí ni àwọn náà ń tẹ̀ lé, wọ́n kàn fi ẹ̀sìn Ìsìláàmù tò ó ni.

6. Bí o kò bá rí ìpàdé tó sún mọ́ ọ, ẹ dá a sílẹ̀ ní Ìwó. Ẹni méjì tó. Ẹ wá yàrá kan tí kì í ṣe ilé ọtí, ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ níbẹ̀ má jáde.

7. Ìyá rẹ àti ìyàwó rẹ náà nílò ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Al-Anon wà fún àwọn ẹbí láti 1951.

8. Bí o bá tún mu, pe ẹni tí ẹ jọ ń ṣèpàdé lálẹ́ ọjọ́ náà. Má dúró dìgbà tí ojú kò ní í tì ọ́ mọ́. Lọ sí ìpàdé tó kàn, kódà bí orí bá ṣì ń fọ́ ọ.