Ta Ló Pa Dígí?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ní Òṣogbo ló tọ́ mi níjà. Ó ń ròyìn dígí ìgbàlódé kan tí aago, ojú ọjọ́ àti ìròyìn máa ń hàn lára rẹ̀ bí ènìyàn bá dúró síwájú rẹ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán, ó sì dùn ún gbọ́, títí ó fi dé ibi tí ẹni tó ń wo dígí ti bá tirẹ̀ lọ. Ó ní: "Bí kò bá ti rí ẹnikẹ́ni mọ́, dígí náà á kàn pa ara rẹ̀ ni." Ó pa ara rẹ̀ kẹ̀? Kí ni wọ́n fi dígí ọlọ́dígí ṣe? Aago méje àárọ̀ ni o, tọmọdé-tàgbà ń gbọ́. Ọkùnrin náà kò dárò, kò kí ẹbí kú ọ̀fọ̀. Ìpolówó ọṣẹ ló tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí kò nílò kí n máa túmọ̀ *pa* fún yín. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò ni pé ọ̀rọ̀ kékeré yìí kì í ṣe apànìyàn nìkan. Ní Òṣogbo ìlú aró, àwọn ìyá aláró ti ń pa aṣọ láró láti ayébáyé, aṣọ kò sì kú. Ńṣe ló ń di èyí tí à ń fi ṣọdún. Adìẹ tó bá sàba á pamọ, òròmọdìẹ ni à ń rí níbẹ̀, a kì í rí òkú. A ń pàlọ́, à ń pìtàn, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ á pawó. Òun kan náà ló fara pamọ́ sínú *ìpara*, nítorí bí a bá wẹ̀ tán, òrí tàbí àdín ni à ń fi pa ara. Ẹ wá wo wàhálà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa dá sílẹ̀: ìyá àgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò rẹ̀ lè rò pé dígí ọ̀hún ń fi ìpara pa ara ni. Kò kúkú ní jẹ̀bi, ṣebí iwájú dígí náà ni gbogbo wa ti ń para.

Ẹ sì ṣàkíyèsí pé mo ní *tan rédíò*, tí ẹnikẹ́ni kò bá mi jà. Bẹ́ẹ̀ rédíò kì í ṣe fìtílà. Àwọn àgbà kan ṣì wà tí wọ́n ń *ṣí* rédíò bí ẹni ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ mọ́. *Tan* àti *pa* ti gba gbogbo ohun tó bá ní bọ́tìnì: fáànù, mọ́tò, jẹnẹrétọ̀, fóònù. Ọ̀dọ̀ iná ni wọ́n ti ya á lò.

Ohun abẹ̀mí ni Yorùbá ka iná sí. Ó ń jẹ igi, ó ń ràn, ó ń kú, a sì ń pa á. Iná kú, ó feérú bojú. Àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà ń pè é ní *uná*, ṣùgbọ́n ikú kan náà ló ń pa á ní Iléṣà. Nígbà tí gílóòbù dé, tí kò ní eérú tí yóò fi bojú, a kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. A ní kí ọmọ dìde kó paná, ó sì lọ pa á.

Àmọ́ ẹ fetí sí bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Iná ààrò tí kò rígi jẹ mọ́, kíkú ló kú. A kò bi ẹnikẹ́ni. Èyí tí ọwọ́ ẹnìkan tẹ̀ lára ògiri, pípa ni wọ́n pa á. Èyí tó lọ lójijì nígbà tí ènìyàn ń lọṣọ lọ́wọ́ ńkọ́? A kì í sọ pé NEPA pa iná. "Wọ́n ti múná lọ" ni à ń wí, nítorí a mọ̀ pé iná náà kò kú. Ó wà ní àdúgbò kan tó ń tàn fún ẹlòmíràn. ECN tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950 di NEPA ní 1972, NEPA di PHCN ní 2005. Ní 2013, ìjọba fi pípín iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́, tiwa ní Ọ̀ṣun sì bọ́ sọ́dọ̀ IBEDC. Orúkọ ń yí, síbẹ̀ mímú ni wọ́n ṣì ń mú un lọ. *Kú* kò ní ọ̀daràn, *pa* ní apani, *mú lọ* ní ẹni tí à ń ṣépè fún.

Nínú ọ̀ràn dígí yìí, ta wá ni apani? Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Dígí irú èyí máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ síwájú. Wọ́n á gbé ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi. Michael Teeuw, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ṣe tirẹ̀ ní 2014, ó pè é ní MagicMirror, ó sì fi ìlànà rẹ̀ síta fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Iṣẹ́ títàn àti pípa wá kù sọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀, irú èyí tó wà lára iná sólà tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹnu géètì káàkiri Iléṣà.

Sẹ́ńsọ̀ yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, kì í sì í ya fọ́tò. Ooru ara tó bá ń rìn kọjá ló ń mọ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù á sì mọ̀ ọ́n tó mítà méje. Ọ̀nà méjì ló pín inú rẹ̀ sí. Bí ooru tó kan apá kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì, ó mọ̀ pé nǹkan ń lọ. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó gbà pé ilé ṣófo. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń kú mọ́ ènìyàn lórí nígbà tó ṣì wà níbẹ̀. Bí òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà bá lóṣòó síwájú rẹ̀, tó ní òun kò dìde àfi bí òun bá gbowó òun, tí kò sì mira, sẹ́ńsọ̀ á ní òun kò rí ẹnì kankan. Ìbá ṣe pé ó ti dé láyé àwọn onígbèsè ìgbà náà, wọn ì bá dáwó rà á!

Ó hàn gbangba pé dígí kò pa ara rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ló rojọ́, kọ̀ǹpútà ka ìṣẹ́jú, ó dájọ́, ojú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn ló kú. Dígí fúnra rẹ̀ wà láàyè kedere. Iná a máa feérú bojú. Èyí fi ojú tèmi tìrẹ bojú. Ìyẹn ni mo fi sọ pé *paradà* ló tọ́ sí i, *pa* kan náà, *ara* kan náà, *dà* péré ló lé. Bí o bá dé, ó paradà di ìwé ìròyìn. Bí o bá lọ, ó paradà di dígí. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé tipẹ́, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

Mo mọ̀ pé ẹjọ́ yìí ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ pé fóònù àwọn ń pa ara ẹ̀, àwọn mìíràn ní ó ń *ọ́ọ̀fù* ara ẹ̀. Bí a bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, *pa ara ẹ̀* ni màá mú, nítorí ọmọ ilé ni, ìwà rẹ̀ nìkan ló burú. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún fóònù. Èyí tí n kò ní yọ̀ǹda ni ti àwọn tó ń polówó jẹnẹrétọ̀ tó ń *tan ara rẹ̀*. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kì í tan ara rẹ̀. Ẹni tó rà á láìní owó epo ló ń tan ara rẹ̀.